Oúnjẹ Ẹja Dúpẹ́

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọ mi obìnrin gbé àpótí gíláàsì kékeré kan wọlé. Omi wà nínú rẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́fà sì ń lọ sókè sódò nínú omi náà. Ó ní wọ́n máa ń jẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀ tí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ìgbà tó ṣí agolo oúnjẹ wọn, tí òórùn edé gbígbẹ jáde látinú rẹ̀, ni mo wá ibi jókòó sí. Ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé kò sí wàhálà?" Mo ní kò sí, pé òórùn edé yẹn ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní edé kọ́, oúnjẹ ẹja òyìnbó ni. Mo gba agolo náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún gbé e símú. Edé ni. Ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́rin gún edé fún ẹja kò lè ṣì í mọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinyìí tí ẹ ń ra oúnjẹ ẹja nínú agolo, ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa ṣe ń ṣe tiwa. Mo mọ̀ pé ẹ ò bi mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n dúró dìgbà tí ẹ máa bi mí, ilẹ̀ á ṣú mọ́ mi lójú ọ̀nà.

Ìkìrun là ń gbé nígbà náà, àwọn ọdún 1980 ń lọ sópin. Akọ̀wé ni bàbá mi ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ìyá mi sì ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ń ta edé àti ata gbígbẹ lọ́jà, inú yàrá rẹ̀ ló sì ń kó àwọn àpò edé rẹ̀ sí. Ilé wa kò ní òórùn mìíràn. Tí mo bá wọ kíláàsì láàárọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ní ọbẹ̀ ti dé.

Ọmọ méjì péré ni wá. Àǹtí Dúpẹ́ fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ṣùgbọ́n tí a bá dúró pọ̀, orí wa dọ́gba, nítorí àìsàn kò jẹ́ kó ga. Fòníkú-fọ̀ladìde ni àwọn ará ilé ń pè é, àìsàn tí ń ro ènìyàn nínú egungun títí tí onítọ̀hún yóò fi máa ké, tí yóò sì tún lọ bí ẹni pé kò wá rí. Òjò kò gbọdọ̀ pa á, ọyẹ́ kò gbọdọ̀ fẹ́ sí i, kò sì gbọdọ̀ sáré. Ó máa ń jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé, á máa wo àwa tí à ń ṣeré níta, bí ẹnì kan bá sì rẹ́ ẹnì kejì jẹ, òun ló ń dá ẹjọ́ náà láti ojú fèrèsé. A bẹ̀rù ẹjọ́ rẹ̀ ju pàṣán tíṣà lọ.

Nítorí ìjókòó ojú fèrèsé yẹn ni àbúrò bàbá mi ṣe ronú kan àpótí ẹja. Bọ̀dá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Iníṣà, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í wá sílé. Ó ti rí irú àpótí bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní yunifásítì. Ó wá gíláàsì fèrèsé àlòkù, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi férémù sí fọ́tò lẹ́bàá ọjà, àwọn méjèèjì sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àpótí náà fi jò. Ní ọjọ́ kẹrin, kò jò mọ́, Bọ̀dá Tíṣà sì wọ ọkọ̀ lọ sí Òkukù, ó fi asẹ́ gbọ́n ẹja mọ́kànlá nínú odò kékeré kan lọ́nà oko. Èyí tó gùn jù nínú wọn kò ju ìka ọwọ́ mi lọ. Àwọn kan ní àmì pupa tín-ín-tín lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni pé wọ́n fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tọ́ osùn sí wọn lára.

Ìyá Àgbà wò wọ́n títí. Ó ní, "Ìgbà wo lẹ máa sè wọ́n?"

Bọ̀dá Tíṣà ní, "Ìyá, wọn kì í ṣe jíjẹ. Wíwò ni."

"Wíwò. Ẹja." Ó yíjú sí ìyá mi. "Ìyá Dúpẹ́, ṣé ẹ gbọ́? Ẹ má gún ata lónìí. Ojú la fẹ́ fi jẹun."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹja náà ṣe dé. Orí tábìlì ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni a gbé wọn kà, Àǹtí Dúpẹ́ sì di olówó wọn lójú ẹsẹ̀. Òun ló ń pàṣẹ, èmi ni mo ń ṣiṣẹ́. Bọ̀dá Tíṣà ti kọ́ wa ní bí a ó ṣe máa wá oúnjẹ wọn, ṣùgbọ́n láàárín oṣù kan, àṣẹ Àǹtí Dúpẹ́ ti pọ̀ ju ti tíṣà tó kọ́ wa lọ.

Edé ni olórí oúnjẹ wọn. Kì í ṣe edé tí Ìyá Àgbà ń tà gan-an, èérún tó bá ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ àpò ni. Mo máa ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nínú rẹ̀, màá yan án nínú agbada lórí ẹyin iná títí á fi gbẹ háúháú, màá wá gún un nínú odó kékeré. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ odó náà lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí odó ata ni. Mo gbàgbé lọ́jọ́ kan. Àwọn ẹja gba oúnjẹ sẹ́nu, wọ́n tu ú, wọ́n tún gbà á, wọ́n tún tu ú, Àǹtí Dúpẹ́ sì rẹ́rìn-ín títí ìyá wa fi fi máṣíìnì rẹ̀ sílẹ̀ tó sáré wọlé wá wò ó, nítorí ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Tí mo bá ti gún edé tán, màá fi asẹ́ kù ú bí ẹni ń ku èlùbọ́. Màá bọ ewé tẹ̀tẹ̀ díẹ̀, màá fún omi rẹ̀ dànù, màá lọ̀ ọ́ kúnná, màá pò ó mọ́ edé náà, màá wá tẹ́ ẹ sórí àwo pẹrẹsẹ nínú oòrùn, kí n sì jókòó tì í kí adìyẹ má bàa jẹ ẹ́. Tó bá gbẹ, màá fi àtàǹpàkò rún un wẹ́wẹ́. Kò gbọdọ̀ sí iyọ̀ nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ sí epo. Ìyá Àgbà máa ń dúró wò mí, á mi orí, á ní, "Kò síyọ̀, kò sépo, kò sáta. Kí ni wọ́n ṣẹ̀ yín ná?"

A tún ń sin tanwíji fún wọn, àwọn ọmọ ẹ̀fọn tí ń ta pọ́nún nínú omi tó bá dúró pẹ́. Mo gbé ìkòkò àlòkù kan sí ẹ̀yìn ilé, mo da omi òjò sínú rẹ̀ pẹ̀lú ewé gbígbẹ, láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ti kún un. Ọjọ́ kan ni wolé-wolé dé, ọkùnrin kan tó wọ kakí, tí ń yẹ ẹ̀yìnkùlé onílé wò. Ó yọjú sínú ìkòkò, ó ní ta ni ọ̀daràn tó ń sin ẹ̀fọn. Ìyá Àgbà ní kó má bínú, pé oúnjẹ ẹja ni. Ọkùnrin náà ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, òun ti gbọ́ oríṣiríṣi irọ́, ṣùgbọ́n òun kò tíì gbọ́ irú èyí. A mú un wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ iwájú gíláàsì náà, ó wo bí àwọn ẹja ṣe ń lé tanwíji kiri, kò sì tètè dìde. Nígbà tó máa lọ, ó ní kí a máa fi aṣọ bo ìkòkò náà kí wọ́n má bàa hu ìyẹ́, kò sì dá wa lẹ́bi.

Iye tí wọ́n ń jẹ ni ohun tó le jù. Bọ̀dá Tíṣà ní oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù ló ń ba omi jẹ́, tí omi bá sì bàjẹ́, wọ́n á kú. Àǹtí Dúpẹ́ wá òṣùwọ̀n sí i. Tí mo bá ti fọ́n ìwọ̀nba sójú omi, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run, láìsáré, tó bá sì ti ṣe Àmín, ohunkóhun tó kù lójú omi, mo gbọ́dọ̀ fi ṣíbí kó o kúrò. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni. Kò sí ẹja tó gbọ́ àdúrà tó wọn ní gbogbo Ìkìrun.

Àwọn àlejò ló ń yọ wá lẹ́nu. Ẹ mọ̀ pé a kì í jẹun lójú ẹni kí a má pe onítọ̀hún wá jẹun. Ẹnikẹ́ni tó bá wá kí Àǹtí Dúpẹ́, tó bá sì ń jẹ nǹkan lọ́wọ́, tó bá ti rí àwọn ẹja wọ̀nyẹn tí wọ́n ń la ẹnu tí wọ́n ń pa á dé sí i, àánú á ṣe é, á fẹ́ bu díẹ̀ fún wọn. Èyí fẹ́ já búrẹ́dì, tọ̀hún fẹ́ ju ẹ̀kọ sí i. Àǹtí Dúpẹ́ á na ọwọ́ méjèèjì bo ojú àpótí náà, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ti jẹun. Wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì fi oúnjẹ wọn sẹ́nu ara wọn.

Ìgbà ọyẹ́ ni ìrora náà tún dé, èyí kò sì lọ bó ṣe máa ń lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n pe ọkọ̀ kan pé kó gbé e lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo. Ìyá mi ti jókòó sínú ọkọ̀, bàbá mi sì fẹ́ gbé e. Àǹtí Dúpẹ́ ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Ó pè mí. Ètè rẹ̀ ti gbẹ.

"Ìwọ nìkan ni kó o máa fún wọn lóúnjẹ o. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún wọn ní nǹkan kan. Màá kà wọ́n tí mo bá dé."

Mo ní, "Mo ti gbọ́."

"Tí ọ̀kan bá dín, mi ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́."

Ohun tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ náà fi yà, mo wá padà wọlé lọ ka Bàbá Wa fún wọn, nítorí wọn kò tíì jẹun àárọ̀.

Mo ṣe iṣẹ́ mi. N kò tíì ṣe iṣẹ́ kan tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń jí ṣáájú gbogbo ilé, mo ń kà wọ́n, mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo tún ń kà wọ́n kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ kẹfà, ìyẹn Wẹ́sidé, àwọn ìyá ìjọ wá gbàdúrà nínú ilé wa nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í pariwo, rí àpótí náà. Ó rò ó pé ẹni tó ni wọ́n ti wà ní ọsibítù, ta ni yóò rántí bọ́ àwọn ẹ̀dá Ọlọ́run wọ̀nyí? Àkàrà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rún méjì sí i.

Nígbà tí mo dé, epo ti bo ojú omi náà, omi sì ti funfun bí omi ògì. Mẹ́rin ti léfòó. Mo kó àwọn tó kù sínú agbè omi kànga, mo da omi burúkú náà nù, mo fi iyanrìn fọ gíláàsì, mo pọn òmíràn, mo sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi ń mí dáadáa. Méje ló kù. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sin àwọn mẹ́rin náà sí ìdí igi ọsàn, mo sì ń kọ́ ohun tí n ó sọ fún Àǹtí Dúpẹ́ tó bá dé. Màá sọ òótọ́. Màá dárúkọ obìnrin náà fún un, kó dá ẹjọ́ rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi nìkan ló dé. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà ní ọsibítù, ìyá mi sì ti gba Òkukù lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò bọ́ bàtà rẹ̀. Ìyá Àgbà kò lọ sọ́jà. Àwọn àgbàlagbà ń wọlé, wọ́n ń jókòó tì í. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ fún bàbá mi pé, "Omi ló dà, agbè ò fọ́," mo sì lọ wo agbè tí mo fi kó ẹja. Kò fọ́ lóòótọ́. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe mí jẹ́jẹ́. Ó yẹ kí n ti mọ̀.

Ní Sátidé, mo ń gún edé lẹ́yìnkùlé nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti ọkùnrin méjì nínú àwọn mọ̀lẹ́bí wa wọlé. Wọ́n lọ sí yàrá wa tààrà. Wọ́n kó aṣọ Àǹtí Dúpẹ́, ẹní rẹ̀, àwo rẹ̀, bàtà rẹ̀ àti àpò ìwé rẹ̀, wọ́n ń kó wọn gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. N kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ìgbà tí wọ́n dé ibi àpótí ẹja ni mo sáré wọlé pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má gbé ìyẹn. Wọn ò tíì jẹun."

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ti ta ni?"

"Ti Àǹtí Dúpẹ́ ni. Ó ní òun máa kà wọ́n tóun bá dé."

Àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ìyá Àgbà wá láti ẹ̀yìn, ó rọra gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ti kú.

Nílẹ̀ wa, ẹ mọ̀ pé bí ọmọ bá kú mọ́ òbí lójú, wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Wọ́n á kó gbogbo ohun ìní rẹ̀ kúrò nílé kí ojú ìyá rẹ̀ má bàa bá a, wọn kì í sì í dárúkọ rẹ̀ mọ́. Àánú ni wọ́n pè é. N kò bá wọn jà. Ẹ ti rí i tí ẹsẹ̀ ènìyàn bá kú nígbà tó jókòó lé e, tí a fi ọwọ́ kàn án, tí kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni? Bí gbogbo ara mi ṣe rí nìyẹn. N kò sunkún. Ohun tí mo ń rò ni pé ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́, ebi sì ń pa àwọn ẹja. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ pé ọjọ́ Wẹ́sidé yẹn gan-an ni ó kú, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún gbà pé nítorí àwọn mẹ́rin tó dín ni.

Bọ̀dá Tíṣà ló bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun, òun á gbé e lọ sí Iníṣà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Kó má ṣe padà wọ ilé yìí o. Kí ìyá ọmọ má fojú kàn án."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ṣe oúnjẹ wọn?"

Ìyá Àgbà ní, "Ẹni tó ń ṣe é náà ni."

Báyìí ni mo ṣe di èrò Iníṣà. Ní gbogbo Sátidé, èmi yóò gún edé láàárọ̀, èmi yóò di èyí tí wọn yóò jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan sínú agolo mílíìkì, èmi yóò sì wọ ọkọ̀ lọ sí yàrá Bọ̀dá Tíṣà. Ìyá Àgbà kò fún mi ní èérún mọ́. Edé tó dára ló ń bù fún mi láti ojú àpò, kò sì sọ ìdí rẹ̀.

Ìyá mi padà dé lẹ́yìn oṣù kan. Ó jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ. Kí n tó gbọ́n ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Dúpẹ́, ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi gbogbo. Láti ọjọ́ tó padà dé, orúkọ tèmi ni wọ́n fi ń pè é. Kò sí ẹni tó pe ìpàdé lórí rẹ̀, gbogbo ìlú kàn yí i padà lẹ́ẹ̀kan náà ni. Nígbà àkọ́kọ́ tí oníbàárà kan pè é bẹ́ẹ̀, kò dáhùn, obìnrin náà sì pè é lẹ́ẹ̀mejì sí i kó tó mọ̀ pé òun ni.

Ní Iníṣà, àwọn ẹja ń jẹun. Ẹja kéékèèké kì í pẹ́ láyé. Ọ̀kan kú nígbà òjò, méjì kú lẹ́yìn ìgbà náà, Bọ̀dá Tíṣà sì lọ gbọ́n òmíràn wá láti Òkukù. Wọ́n tilẹ̀ yé ẹyin sára ewé inú omi. Àwọn ọmọ wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí edé mi tóbi jù fún ẹnu wọn. Pupa ẹyin adìyẹ ni a fi wò wọ́n: a ó se ẹyin náà títí á fi le dáadáa, a ó di pupa rẹ̀ sínú aṣọ fẹ́lẹ́, a ó tẹ̀ ẹ́ sínú àwo omi títí omi náà á fi pọ́n, ẹ̀kán mẹ́ta péré la ó kán fún wọn. Àwọn mẹ́fà yè. Nígbà tó di ọdún kejì, kò sí ọ̀kan kan mọ́ nínú àwọn tí Àǹtí Dúpẹ́ mọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń bọ́ wọn lọ. Kò dùn mí, kò sì dùn mọ́ mi. Ó kàn jẹ́ iṣẹ́ Sátidé.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ìyá mi ya ẹ̀yìnkùlé láìròtẹ́lẹ̀. Ó bá mi nídìí odó.

"Kí lò ń gún?"

"Edé ni mà."

"Ọbẹ̀ wo?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan edé náà, ó fi tọ́ ahọ́n. Kò síyọ̀, kò sáta. Ìka rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu nígbà tó bi mí pé:

"Wọ́n wà láyè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Níbo?"

"Iníṣà ni mà. Lọ́dọ̀ Bọ̀dá Tíṣà."

Ó wọlé lọ. Mo rò pé mo ti dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé. Ó jáde padà, ó ti wé gèlè. Ó ní, "Gbé agolo rẹ. Ó yá." A wọ ọkọ̀ Iníṣà.

Bọ̀dá Tíṣà rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá mi kọjá lára rẹ̀. Ó dúró síwájú gíláàsì náà. Bí òjìji rẹ̀ ṣe bọ́ sí ojú omi, gbogbo àwọn ẹja gòkè wá bá a, nítorí wọ́n rò pé oúnjẹ ti dé.

Ó ní, "Èwo ni Dúpẹ́ fẹ́ràn jù?"

Ó ti tó ọdún méjì tí n kò ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo wo Bọ̀dá Tíṣà. Bọ̀dá Tíṣà wo ilẹ̀. Mo tọ́ka sí ọ̀kan tó ní àmì pupa, ọmọ oṣù mẹ́rin tí mo fi pupa ẹyin tọ́ fúnra mi.

"Òun nìyẹn mà."

Ìyá mi fi ojú tẹ̀ lé e bó ṣe ń lọ láti igun kan dé ìkejì. Ó ní, "Ó ti sanra." Ó gba agolo lọ́wọ́ mi, ó fún wọn lóúnjẹ, a sì padà sílé kí bàbá mi tó ti ibi tó lọ dé.

Kò tún lọ sí Iníṣà mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ní gbogbo Sátidé tí mo bá dé, kí n tó bọ́ bàtà, á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Ẹja Dúpẹ́ ńkọ́?"

Màá ní, "Ó wà mà."

"Ó jẹun?"

"Ó jẹun mà."

Á tún máa ránṣọ lọ. Nígbà tí mo pé ọdún mẹ́tàlá, mo di ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí mo sì pé mẹ́rìnlá, mo ti jù ú lọ. Ọdún yẹn ni ìjọba gbé Bọ̀dá Tíṣà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, gíláàsì àpótí náà sì là nígbà tí wọ́n ń gbé e sọ́kọ̀. Òun àti èmi da àwọn ẹja tó kù padà sínú odò ní Òkukù. Mo dé ilé lọ́jọ́ náà. Ìyá mi béèrè bó ṣe máa ń béèrè, mo sì dá a lóhùn bí mo ṣe máa ń dá a lóhùn.

Nǹkan ti yí padà. Ọ̀kadà ló kún ojú ọ̀nà Iníṣà báyìí. N kò rí wolé-wolé mọ́. Àwọn tí ọmọ kú mọ́ lójú ń gbé fọ́tò ọmọ náà kọ́ sí pálọ̀, wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bá wọn wí. Bóyá tiwọn ló dára jù, bóyá ti àwọn bàbá wa ni, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹja kò yí padà. Bí òjìji ènìyàn bá bọ́ sójú omi wọn, wọ́n á gòkè, wọn kò ní béèrè ẹni tó ni òjìji náà.

Ìyá mi dàgbà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, ọ̀pọ̀ nǹkan ti fò ó lórí. Ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ pè mí, ó sì bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo ti ní ọkọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń fi ṣíbí fún un lẹ́kọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́.

"Ẹja Dúpẹ́ ńkọ́?"

Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti da wọ́n sódò. Mo ní, "Ó wà mà."

"Ó jẹun?"

"Ó jẹun mà."

Ó ní, "Ó dáa," ó sì la ẹnu, ó gba ẹ̀kọ.